Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Ilẹ̀kùn Wo Ni Èèyàn Ń Sá Gbà Nígbà tí Iná Bá Sọ?

Ọ̀nà mẹ́rin ló pàdé ní Ore. Èyí tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn ń gbé èrò lọ sí Èkó, èyí tó kọrí sí ìlà-oòrùn ń gbé wọn lọ sí Benin àti òdìkejì odò Ọya, èyí tó gba òkè lọ sí Oǹdó, èyí tó gba ìsàlẹ̀ sì wọ Òkìtìpupa. Oríta yìí ló sọ Ore di ìlú ńlá ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, òun náà ló sì gbé orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà Èkó. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ọ̀gágun tó darí wọn. Ore ni wọ́n dé tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi dá wọn dúró. Ìjà tó wáyé níbẹ̀ gbóná débi pé títí di òní, bí ọ̀rọ̀ kan bá le tán, Yorùbá á ní, "Ó le kú, ìjà Ore!"

Àwọn tó kọ ìtàn ogun náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀gágun àti ìbọn, wọn kò sọ púpọ̀ lórí ará ilé. Bẹ́ẹ̀, ará ilé ni ìbéèrè tó le jù já lé léjìká. Ẹni tó ń gbé ní oríta mẹ́rin, tó gbọ́ ìró ìbọn lójijì, ọ̀nà wo ni kí ó gbà? Ṣé ọ̀nà tó mọ̀ ni, àbí ọ̀nà tó jìnnà sí ìró náà? Ṣé kí ó kọ́kọ́ wá ìyàwó àti ọmọ ni, àbí kí ó sá ná? Ṣé kí ó tẹ̀ lé àwọn tó ń sáré kọjá níwájú ilé rẹ̀, nígbà tí kò dá a lójú pé àwọn náà mọ ibi tí wọ́n ń lọ?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ìjàm̀bá iná, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, fi hàn pé nígbà tí ewu bá dé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí, kódà bí ọ̀nà mẹ́rin bá ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ló ń fà á. Ohun tó ń fà á yẹ ní wíwò fínnífínní, pàápàá ní ilẹ̀ yìí, níbi tí a ti sábà máa ń dá òkú lẹ́bi tí a ó sì fi ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa sílẹ̀.

Kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ yìí ti fojú hàn ní ilẹ̀ Yorùbá bí Èkó ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná ran ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ó di ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ilẹ̀ mì, gíláàsì ojú fèrèsé fọ́ ní àwọn àdúgbò tó jìnnà réré, àfọ́kù bọ́ǹbù gbígbóná sì ń já lulẹ̀ láti ojú ọ̀run. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ará ìlú. Ọdún kẹta péré ni ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lórí àlééfà, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ológun tún ti gba ìjọba ni, àwọn mìíràn sì rò pé ogun ti dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú síta láti Ìkẹjà, Oshodi, Mushin àti Ìsọlọ̀.

Lójú ẹni tó ń sá, nǹkan méjì ló yé e: ariwo náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ilé sì lè wó lu èèyàn. Nítorí náà, ibi gbalasa ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ní apá Ìsọlọ̀ àti Ejigbo, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà tó lọ sí Oshodi. Oko náà kò ní ilé, kò ní ògiri, ó sì dà bí ibi ààbò. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni kànáàlì Òkè-Àfà wà, koríko ojú omi sì ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń wọmi, omi náà kò yàtọ̀ sí pápá. Àwọn tó wà níwájú fẹsẹ̀ lé ewé, wọ́n sì rì. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ń tì wọ́n bọ̀. Ó kéré tán, èèyàn 600 ló kú sínú kànáàlì náà, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Gbogbo àwọn tó kú nínú ìjàm̀bá náà lápapọ̀ lé ní 1,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń sọ. Omi ló pa púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe bọ́ǹbù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tó gba ìlú kan ni pé ìbẹ̀rù-bojo ló pa àwọn èèyàn náà, pé bí wọ́n bá fara balẹ̀ ni, wọn kì bá tí kú. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ, ó sì rọ àwọn aláṣẹ lọ́rùn pẹ̀lú, nítorí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó tọ́jú bọ́ǹbù sáàárín ìlú, ó gbé e lé orí ìyá tó pọn ọmọ sá. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ẹni tó sá kúrò nídìí ìbúgbàù, tó yẹra fún ilé tó lè wó, tó sì gba ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ, kí ni ọlọ́gbọ́n ìbá tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìpinnu wọn tọ̀nà pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò mọ̀ ni pé omi wà lábẹ́ ewé. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ lè mọ̀; àjèjì tó sá wá láti àdúgbò mìíràn kò mọ̀, kò sì sí ọlọ́pàá, kò sí ológun, kò sí ohùn rédíò kan tó sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìmọ̀, nígbà náà, ni kókó àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn kò mọ̀ kò yàtọ̀ sí ògiri lójú rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jonathan Sime, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tó gbé yẹ̀ wò ni iná tó jó ibùdó fàájì kan tó ń jẹ́ Summerland ní ìlú Douglas, lórí erékùṣù Isle of Man, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1973. Ibùdó náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣí i. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. 50 nínú wọn kò padà sílé. Sime ka ẹ̀rí tí àwọn tó yè sọ fún ọlọ́pàá, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé: àwọn wo ló gba ẹnu ọ̀nà ńlá, àwọn wo ló gba ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe nítorí iná? Ìdáhùn tó rí kò lọ́jú pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n mọ kọ̀rọ̀ gbogbo nínú ilé náà, gba ilẹ̀kùn pàjáwìrì tó wà nítòsí wọn. Àwọn àlejò padà sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, kódà bí ó bá jìnnà sí wọn. Ibi tí èèyàn ti mọ̀ ló máa ń sá lọ, kì í ṣe ibi tó sún mọ́ ọn jù.

Ohun kejì tí Sime rí ló kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Òwe wa ní, bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òwe náà dára, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí iná ti jó pa kò lè gba ọmọ kankan là. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìròyìn nípa ohun tí ẹ̀dá máa ń ṣe ní tòótọ́, òwe náà kò bá a mu. Ní Summerland, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lápá ibòmíràn nínú ilé náà kò kọrí sí ẹnu ọ̀nà rárá; inú ilé ni wọ́n tún padà lọ, wọ́n ń wá ọmọ. Àwọn ẹbí tó wà pa pọ̀ jáde pa pọ̀, wọ́n sì ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí bàbá kan yóò gbà, kí ó má ṣe wo ibi tí ilẹ̀kùn wà nìkan. Kí ó wo ibi tí àwọn ọmọ bàbá náà wà. Bóyá nítorí pé a mọ̀ pé ọmọ ẹni ni a óò kọ́kọ́ wá ni àwọn àgbà ṣe dá òwe náà sílẹ̀, láti fi kìlọ̀ fún wa.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn Summerland, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2003, ní ìlú West Warwick ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olórin kan tan iná ìṣeré lórí ìtàgé ilé ijó kan tó ń jẹ́ The Station. Iná náà ran fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà gbogbo ayé rí bí ó ṣe lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan ṣì ń jó, wọ́n rò pé ara eré ni. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, èéfín ti bo gbogbo ilé. Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Iwájú, níbi tí wọ́n ti gba wọlé, ni ọ̀pọ̀ wọn kọrí sí, wọ́n sì wọ́ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó lọ síbẹ̀, ẹnìkan ń ṣubú lu ẹnìkejì. Èèyàn 100 ló kú. Àwọn kan tó yè jẹ́rìí pé àwọn gbìyànjú láti gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ní àwọn olórin nìkan ló wà fún.

Àwọn tó ṣì ń jó nígbà tí iná ti ń gun ògiri kò yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ní ọdún 1968, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Bibb Latané àti John Darley, dán ohun kan wò. Wọ́n fi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sínú yàrá kan pé kí wọ́n kọ èsì sórí ìwé, wọ́n sì ń fẹ́ èéfín wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ara ògiri. Nínú àwọn tó dá wà, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún jáde láti sọ pé èéfín ń wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn méjì tí wọ́n ti bá sọ ọ́ sílẹ̀ jókòó pẹ̀lú ẹnìkan, tí àwọn méjèèjì kò mira, ìdá 10 péré ló dìde. Àwọn yòókù ń fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú, wọ́n ń wú ikọ́, wọ́n sì ń kọ̀wé lọ. Ojú ẹnìkejì ni wọ́n ń wò. Bí kò bá sí ẹni tó dìde, a ó rò pé kò sí nǹkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ tí òórùn epo ti ń rùn, tí gbogbo èrò dákẹ́, mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń sọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìpinnu yìí di asán bí kò bá sí ohun tí a fẹ́ yàn. Apá tó burú jù nínú ìtàn yìí ni ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ti tì pa kí iná tó dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1883, ní gbọ̀ngàn Victoria ní ìlú Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé sáré sọ̀kalẹ̀ láti gba ẹ̀bùn lẹ́yìn eré. Iná kankan kò sọ. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ti fi ìdè há, kí ọmọ kan ṣoṣo lè máa kọjá lẹ́ẹ̀kan, inú ló sì ń ṣí sí. Ọmọ 183 ló kú níbẹ̀, wọ́n fún ara wọn pa. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè níbẹ̀ pé kí ilẹ̀kùn ibi ìpéjọpọ̀ máa ṣí síta.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, iná sọ ní ilé eré Iroquois ní Chicago. Ilé náà kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí i, wọ́n sì ti polówó rẹ̀ pé iná kò lè jó o. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tó wá wo eré ọ̀sán nígbà ìsinmi ọdún ló kún inú rẹ̀. Aṣọ ìkélé bo àwọn ilẹ̀kùn kan, wọ́n ti àwọn mìíràn pa, àwọn mìíràn sì ní ìkọ́ tí ẹni tí kò lò ó rí kò mọ bí a ṣe ń ṣí i. Èèyàn 602 ló ṣègbé. Carl Prinzler, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò irin ní Indianapolis, ìbá wà nínú ilé eré náà lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ iṣẹ́ dí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Òun àti ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Henry DuPont ló wá ṣe ọ̀pá irin gbọọrọ tí a ń rí lára ilẹ̀kùn àwọn ilé ńlá lónìí, èyí tí àyà èèyàn lásán lè tì tí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Ní ọdún 1908 ni wọ́n gbé e jáde fún títà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé òkèèrè nìkan ni irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ti ń pani. Ní oṣù Kẹta ọdún 2001, iná jó ilé ibùgbé àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Gindiri, ní ìpínlẹ̀ Plateau; àwọn tó kú lé ní ogún. Nínú oṣù kan náà, ní ọjọ́ 26, ọmọkùnrin 67 jóná ní ilé-ẹ̀kọ́ Kyanguli ní ilẹ̀ Kenya. Ilẹ̀kùn méjì ni yàrá wọn ní. Wọ́n ti ọ̀kan pa, irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Ìkòròdú, iná pa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nínú ilé iṣẹ́ kan. Àwọn tó yè ní wọ́n ti àwọn mọ́lé kí àwọn má baà jí ọjà gbé. Olè ni ọ̀gá bẹ̀rù, iná ni òṣìṣẹ́ bá pàdé.

Olè yìí ló dá wa padà sí Ore àti sí ìtàn ilé Yorùbá fúnra rẹ̀. Nínú agbo ilé ìgbà àtijọ́, yàrá kọ̀ọ̀kan ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ṣí sí àgbàlá tí ojú ọ̀run ń bẹ lókè rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ewé tàbí koríko, iná sì ń jó o léraléra nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà mìíràn láti agbo ilé dé agbo ilé. Dúkìá a ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè rìn, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù fún un láti bọ́ sí gbangba. Nígbà tó yá, ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn dé, èyí tí ìlú ń pè ní "face-me-I-face-you." Yàrá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ṣókùnkùn, ilẹ̀kùn kan níwájú, òmíràn ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà ni sítóòfù wà, òun náà ni kẹ́ẹ̀gì omi, ọ̀kadà ẹnìkan àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí wọ́n fẹ́ fi tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ wà.

Fèrèsé ìbá jẹ́ ọ̀nà kẹta. Àmọ́ ogun tó parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970 fi ìbọn sílẹ̀ nígboro. Ìdigunjalè gbilẹ̀ débi pé ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun gbé òfin jáde tó sọ ìdigunjalè di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 ni wọ́n sì yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní etí òkun Bar Beach níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ilé tí wọ́n kọ́ láti ìgbà náà wá, ó ṣòro kí ó má ní irin lójú fèrèsé, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní bọ́gúlárì. Onílé tó ní agbára díẹ̀ á tún fi géètì irin sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì fi àgádágodo há a lóru. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi, nítorí olè kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìran kan gbáko ti kọ́ ilé tó mọ bí a ṣe ń dí ẹni tó fẹ́ wọlé lọ́nà, tí kò sì ronú nípa ẹni tó fẹ́ jáde. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí ẹnìkan, nínú òkùnkùn, nígbà tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ti lọ.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Láti ọdún 1901 ni wọ́n ti dá ẹ̀ka panápaná sílẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá Èkó, òfin tó dá àjọ panápaná ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ti wà láti ọdún 1963, ìwé ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí sì jáde ní ọdún 2006. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n tó, kí ó wọ ilé ìtajà, ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn ìnáwó èyíkéyìí lópin ọ̀sẹ̀, kí ó sì ka ilẹ̀kùn tí ó ṣí.

Ní ti Ore, inú ilé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ojú pópó ni. Ọ̀nà Sagamu sí Benin ń gbé ọkọ̀ agbépo àti bọ́ọ̀sì èrò kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru, Ore sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dúró jẹun. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní agbègbè Odigbo, àwọn tó lọ gbọn epo sì wà nínú àwọn tó kú. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí a yàn, ṣùgbọ́n ó yí padà: nígbà tí ó yẹ kí èèyàn sá sẹ́yìn, iwájú ni wọ́n lọ, nítorí epo tó ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ lójú pópó kò jọ ewu lójú ẹni tí owó oúnjẹ ń wọ́n. Ó tún jọ yàrá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì nì: bí ogún èèyàn bá ti ń gbọn epo láìsí ohun tó ṣe wọ́n, ẹni kọkànlélógún á gbà pé kò séwu.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ilẹ̀kùn èrò wà, èyí tí wọ́n ń fà ṣí. Wọ́n fi àga kékeré tí wọ́n ń ká sókè dí ọ̀nà àárín, nítorí náà ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ dúró kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin dìde kí ó tó lè kọjá. Ilẹ̀kùn kejì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹrù ló ń gba ibẹ̀ wọlé, àpò ìrẹsì, báàgì àti iṣu ló sì dí i láti Èkó dé Onitsha. Lójú èrò, ilẹ̀kùn ẹrù ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn èèyàn. Bí ọkọ̀ náà bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wà, tí iná sì sọ, gbogbo ohun tí Sime kọ nípa ẹnu ọ̀nà tí a mọ̀ á di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá.

Ọmọkùnrin kan wà tó fi hàn pé ìṣẹ́jú àáyá lè tó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, iná sọ ní ilé fàájì Beverly Hills Supper Club ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà. Walter Bailey, ọmọ ọdún 18 tó ń palẹ̀ àwo mọ́ níbẹ̀, rí i pé àwọn èrò inú gbọ̀ngàn tó tóbi jù kò tíì mọ nǹkan kan. Kò ní àṣẹ kankan. Ó gun orí ìtàgé, ó gba ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn lọ́wọ́ àwọn aláwàdà, ó fi ọwọ́ han àwọn èrò níbi tí ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó sì ní kí wọ́n máa jáde. Àwọn kan rò pé ara àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló dìde, wọn kò sì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwàádìí fọ̀rọ̀ wá àwọn tó yè lẹ́nu wò, wọ́n rí i pé àwọn agbóúnjẹ náà ṣe bákan náà, oníkálukú ń kó àwọn oníbàárà orí tábìlì tirẹ̀ jáde. Èèyàn 165 ló kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tó jáde láàyè lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ní àwọn ibùdókọ̀ Èkó tí ọkọ̀ Ore àti ti Benin ti ń gbéra, kò sí bọ́ọ̀sì tó máa ń lọ láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ́kọ́ bá èrò sọ̀rọ̀. Oníwàásù á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á gbàdúrà pé ẹ̀jẹ̀ kò ní í ta sójú pópó, gbogbo ọkọ̀ á ṣe àmín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olóògùn á wọlé, á sọ̀rọ̀ lórí jẹ̀díjẹ̀dí àti ibà fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè máa sọ ọ́ lọ títí ọkọ̀ á fi dé òpin ìlú. Awakọ̀ á gba owó, á ka orí èrò. Ẹni tó dí ẹrù sẹ́yìn á fi okùn so ilẹ̀kùn náà pọ̀, á lù ú lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ á sì gbéra.